Ṣé gíráòtù tó dára tó láti dá omi balùwẹ̀ dúró?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. À ń tún balùwẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣe. A ti yọ àwo ìwẹ̀ kúrò, orí ilẹ̀ gan-an la ó ti máa wẹ̀, kí omi máa ṣàn lọ sínú ihò kan. Ẹni tó fẹ́ lẹ táìlì ní bí òun bá ti po òògùn adènà-omi mọ́ sìmẹ́ǹtì, tí òun sì fi gíráòtù gidi dí àlàfo àárín táìlì, omi kankan ò ní kọjá. Ṣé kí n jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ní kó dúró ná. Irọ́ kọ́ ló ń pa o. Òògùn yẹn máa ń dín omi tí sìmẹ́ǹtì ń fà mu kù. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì a máa súnkì bó ṣe ń gbẹ, ilé náà a sì máa mì díẹ̀díẹ̀. Bó bá sán báyìí, kódà kí ojú ibi tó sán tín-ín-rín bí irun, omi ti rí ọ̀nà. Gíráòtù sìmẹ́ǹtì náà ń mu omi. Ohun tó ń dá omi dúró ni ọ̀dà adènà-omi tó máa ń nà bíi rọ́bà, tí wọ́n ń kùn sí ilẹ̀ àti ògiri kí táìlì tó gun orí rẹ̀.

Kí ẹ tó ra ọ̀dà, ẹ wo ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀. Láti ẹsẹ̀ ògiri dé ihò omi, kí ilẹ̀ máa fi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 rẹlẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan. Inú sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ni kí ìdagẹ̀rẹ̀ yìí wà, kì í ṣe inú gọ́ọ̀mù táìlì. Omi tó bá gba ojú gíráòtù wọlé, orí ọ̀dà yẹn ló máa bọ́ sí. Bí ibẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, omi á jókòó síbẹ̀, á sì máa rùn. Balùwẹ̀ tí kò jò rárá lè máa rùn nítorí èyí nìkan.

Kí ilẹ̀ mọ́, kó gbẹ, kó má ní eruku. Sìmẹ́ǹtì tuntun sábà máa ń fẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 28, àfi bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá sọ ohun mìíràn. Bí ògiri ibi tí ẹ ó ti máa wẹ̀ bá jẹ́ pátákó POP, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi pátákó sìmẹ́ǹtì rọ́pò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà rèé: àárín ilẹ̀ kì í sábà jò. Igun ni ògiri ti ń lanu, níbi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀, níbi tí páìpù ti yọ, àti létí ihò omi. Ọ̀dà nìkan ò lè mú ibẹ̀ dúró. Téèpù adènà-omi ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́ inú ọ̀dà àkọ́kọ́ nígbà tó ṣì tutù, ní gbogbo igun, kí ọ̀dà kejì tó bò ó. Kí wọ́n fi ọrùn rọ́bà tirẹ̀ wọ páìpù kọ̀ọ̀kan níbi tó ti yọ. Ihò omi ni kí ẹ dúró tì í wò. Ẹ ra irú èyí tó ní etí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí ọ̀dà àti téèpù á lè dì mọ́, nítorí bí ọ̀dà bá dáwọ́ dúró létí ihò láìdì mọ́ nǹkan kan, abẹ́ rẹ̀ ni omi máa gbà.

Ẹ kun gbogbo ilẹ̀, kí ọ̀dà gun ẹsẹ̀ ògiri yí ká tó sẹ̀ǹtímítà 15, kó sì ga tó mítà 2 níbi tí omi ìwẹ̀ ti ń ta. Ẹ má gbàgbé ẹnu ọ̀nà. Ó kéré tán, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Bí ti àkọ́kọ́ bá gba òòró, kí ti èkejì gba ìbú. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ méjèèjì yàtọ̀ síra bí ẹ bá lè rí i bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi ojú rí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì fò.

Bó bá ti gbẹ pátápátá, ẹ dí ihò omi, kí ẹ fi nǹkan dá ẹnu ọ̀nà, kí ẹ rọ omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà díẹ̀. Ẹ fàmì sí ara ògiri níbi tó dé, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ wo àjà yàrá ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ní kò sí àyè fún ìdánwò yìí, ẹ má gbé iṣẹ́ náà fún un.

Lẹ́yìn èyí, kí ẹnikẹ́ni má lu ihò sí ilẹ̀ yẹn mọ́. Bóòtù àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ló máa ń dá ihò sí i jù, nítorí náà gọ́ọ̀mù ni kí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gọ́ọ̀mù táìlì tí a fi sìmẹ́ǹtì ṣe ni kí wọ́n lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti pò sínú ike. Ní gbogbo igun, sílíkóònù, ìyẹn gọ́ọ̀mù tó máa ń nà bíi rọ́bà, ni kí wọ́n fi dí àlàfo dípò gíráòtù. Bó bá ń bó lọ́jọ́ iwájú, ẹ há a kúrò, kí ẹ fi òmíràn síbẹ̀.