Ṣé ẹrù tí màmá wa ń rù ló jẹ́ kí eegun wọn le?

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Kàbà, ní Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ eegun pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, mo mú mẹ́ta níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ǹlẹ́ o. Ọmọ Ìsánlú ni mí, Lọ́kọ́ja ni mò ń gbé. Màmá mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àtikékeré ni wọ́n ti ń ru iṣu àti igi ìdáná, wọn ò sì tíì ṣíwọ́. Tí n bá ní kí wọ́n sinmi, wọ́n á ní ẹrù yẹn ló jẹ́ kí eegun àwọn le. Àbúrò mi tó wà ní yunifásítì tún wá ń gbè wọ́n lẹ́yìn, ó ní àwọn onísáyẹ́ǹsì ń tẹ eegun eku ní lábù, eegun ọ̀hún sì ń ki sí i. Ta ló jàre nínú wa?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, òótọ́ lọ̀rọ̀ tí àbúrò ẹ sọ, àmọ́ kò gbe màmá lẹ́yìn tó bí òun ṣe rò. Nǹkan alààyè ni eegun, ibi tí iṣẹ́ bá ti ń dé bá a á ki, ibi tí a ò bá lò á joro. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Jámánì, Julius Wolff, ti kọ̀wé lórí ẹ̀ láti 1892. Ohun tí eku wá jẹ́ ká mọ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn ni irú iṣẹ́ tí eegun ń fẹ́ àti ìwọ̀n tó tó o.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á fún eku ní oògùn oorun, wọ́n á gbé apá ẹ̀ kan sáàárín ife kékeré méjì lára ẹ̀rọ, ọ̀kan gba ìgúnpá, èkejì gba ọrùn ọwọ́, ẹ̀rọ á wá máa tẹ̀ ẹ́, á tún tú u sílẹ̀, á tẹ̀ ẹ́, á tú u sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Eegun apá eku ti tẹ̀ díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, torí náà tí wọ́n bá tẹ orí ẹ̀ méjèèjì á tún tẹ̀ sí i, díẹ̀ báyìí tí ojú lásán ò lè rí. Apá kejì ńkọ́, wọn ò ní fọwọ́ kàn án, òun ni wọ́n á fi wé èyí tí wọ́n tẹ̀. Wọ́n á tún fún un ní abẹ́rẹ́ aró kan tó ń jẹ́ calcein, aró yìí máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí eegun tuntun ti ń hù, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n á tún fún un ní ìkejì, tí wọ́n bá wá gé eegun yẹn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ maikirosíkóòpù, ẹ ó rí ìlà méjì tó ń tàn bí ewé tútù, eegun tó wà láàárín ìlà méjèèjì ló hù láàárín abẹ́rẹ́ méjèèjì. Ó wú mi lórí gan-an pé èèyàn lè fojú rí eegun níbi tó ti ń dàgbà.

Ní Amẹ́ríkà, Alexander Robling àti Charles Turner pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ọ̀sẹ̀ 16 ṣe èyí, wọ́n sì gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní 2002. Ìgbà 360 ni wọ́n ń tẹ apá eku lójúmọ́ tí iṣẹ́ bá kàn án. Àwọn eku kan gba 360 yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni, wọ́n pín in fún àwọn tó kù sọ́nà mẹ́rin, 90, 90, pẹ̀lú ìsinmi wákàtí mélòó kan láàárín. Nígbà tí wọ́n wá dán eegun wọn wò títí ó fi kán, eegun àwọn tó gbà á lẹ́ẹ̀kan fi ìdá 64 nínú 100 le ju ti apá kejì wọn lọ, ti àwọn tó ń sinmi fi ìdá 87 le jù ú. Iye kan náà ni wọ́n gbà o! Ìsinmi ló fa ìyàtọ̀. Iṣẹ́ tètè máa ń sú eegun, tó bá ti gba ìwọ̀nba díẹ̀ kò ní dá ẹ lóhùn mọ́, ó máa ń tó bíi wákàtí mẹ́jọ kí ara ẹ̀ tó tún jí pérépéré. Àwọn ará Japan náà kọ́ eku láti máa fò sókè, 1997 ni wọ́n gbé tiwọn jáde, ìfò márùn-ún lójúmọ́ ti tó kí eegun le, àwọn tó fò 10, 20 àti 40 ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra wọn.

Èyí tó kan màmá jù nìyí: tí wọ́n bá tẹ eegun eku tí wọn ò tú u sílẹ̀, kò ní ki sí i rárá, nínú eku tó ṣì ń dàgbà ó tiẹ̀ ń dá ìdàgbàsókè ẹ̀ dúró ni. Eegun ń fẹ́ kí nǹkan máa dé, kó máa lọ. Ìrìn tí màmá ń rìn lábẹ́ ẹrù wúlò, mi ò ní purọ́, àmọ́ tó bá ṣe bíi ti eku, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, gbogbo ọ̀nà tó kù títí délé, ọrùn àti ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń jẹ ẹ́ níyà. Eku àgbà ò sì dáhùn tó eku ọ̀dọ́. Eegun tí màmá ń yangàn, nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge ni wọ́n ti kó èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ jọ, lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dúró lára obìnrin ló máa ń fúyẹ́ kíákíá, eegun ẹ̀yìn tó ti fúyẹ́ sì lè rún lábẹ́ ẹrù iṣu.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ní kí wọ́n jókòó o. Kí wọ́n máa ru díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún rù. Kí wọ́n gún iyán tiwọn, torí bí ọmọ odó ṣe ń balẹ̀ gbì gbì yẹn, irú ẹ̀ ni apá ń fẹ́. Ìwádìí kan ní 1977 lára àwọn tó ń gbá tẹ́níìsì fi hàn pé eegun apá tí àwọn ọkùnrin wọn fi ń gbá bọ́ọ̀lù fi bí ìdá 35 nínú 100 ki ju ti apá kejì lọ. Ẹ sì mú wọn lọ yẹ eegun wò kí ẹnikẹ́ni tó ní kí wọ́n máa fò bí eku Japan, ẹ jọ̀ọ́.

Ìbéèrè: Kàbà ni mo ti ń kọ̀wé. Bàbá àwọn ọmọ mi ṣubú lórí ọ̀kadà, eegun itan wọn kán, dókítà ti tò ó, ó ní kí wọ́n máa dìde díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ ò gbà, wọ́n ní kí bàbá má tilẹ̀ mira.

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Ẹ tẹ̀ lé dókítà. NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú, ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fi eku wo ohun tó ń ṣe àwọn tó lọ sí òfuurufú, wọ́n á fi ìrù gbé e kọ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ má kanlẹ̀, ó ń jẹun, ó ń rìn fi ẹsẹ̀ iwájú, àmọ́ eegun ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Èèyàn tó wà ní òfuurufú náà máa ń pàdánù bí ìdá kan sí ìdá kan ààbọ̀ nínú 100 eegun ìbàdí ẹ̀ lóṣooṣù. Ẹsẹ̀ bàbá tó dáa pàápàá ń pàdánù tiẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ìwọ̀n tí dókítà bá ní kí wọ́n fi tẹlẹ̀ ni kí wọ́n fi tẹlẹ̀, kó má dín, kó má lé.

Ìbéèrè: Báwo ni eegun ṣe ń mọ̀ pé wọ́n tẹ òun? Ṣé kò sí oògùn fún ẹni tí kò lè ṣe wàhálà? Ẹ̀gbẹ̀ ni mo wà.

Ìdáhùn: Inú eegun kún fún sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ osteocyte, wọ́n na ọwọ́ síra wọn nínú ihò tíntìntín tí omi wà. Tí eegun bá tẹ̀, omi yẹn á sáré gba ihò kọjá bí ìgbà téèyàn fún kànìnkànìn tó rin, sẹ́ẹ̀lì á sì mọ̀ ọ́n lára. Ohun kan tó ń jẹ́ sclerostin ni wọ́n fi ń dá àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ eegun tuntun dúró. Nínú eku, ibi tí títẹ̀ bá ti pọ̀ lára eegun ni sclerostin ti ń dín kù, ibẹ̀ náà ni eegun tuntun ti ń hù.

Oògùn wà, romosozumab lorúkọ ẹ̀, abẹ́rẹ́ ni, sclerostin yẹn ló ń dè mọ́lẹ̀. 2019 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún obìnrin tí nǹkan oṣù ti dúró lára ẹ̀, tí eegun ẹ̀ sì ti wà léwu àtikán. Ọdún kan ni wọ́n ń gbà á, lóṣooṣù. Ẹni tí àrùn ọkàn òjijì tàbí àrùn rọpárọsẹ̀ bá ti kọlù láàárín ọdún kan sẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ gbà á, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín láìjẹ́ pé dókítà yẹ ọkàn yín wò.