Kí o tó kọ lẹ́tà sí ilé-ìwé, wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ ná

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè ẹ lálẹ́ àná, oorun sì dá lójú mi. O ní o wà ní 200 level, orí ti ń fọ́ ẹ láti bí oṣù méje, ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí o má pa kíláàsì jẹ, màmá ẹ sì ti ní kí o gba ọdún kan sinmi nílé. O wá ń béèrè bóyá kí o gbà fún wọn àbí kí o forí tì í. Orí tó ń fọ́ náà kọ́ lo fẹ́ fi tì í?

Èmi tí mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí, ọdún méje ni mo fi ka Accounting ọlọ́dún mẹ́rin. Kòrónà mú tiẹ̀ níbẹ̀, ASUU mú tiẹ̀, àmọ́ èyí tí orí mú lọ ló dùn mí jù, torí mi ò bá ti gba púpọ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀ ká ní mo mọ ohun tí mo mọ̀ báyìí.

Tèmi náà, 200 level ló ti bẹ̀rẹ̀. Màá jókòó ní kíláàsì, màá máa wo pátákó, lẹ́tà kan á kàn pòórá láàárín ọ̀rọ̀. Màá ṣẹ́jú, kò ní padà. Ká tó wí ká tó fọ̀, iná kan á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn wìrìwìrì ní igun ojú mi, ó máa ń rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn, á sì máa fẹ̀ sí i. Ó máa ń tó ogún ìṣẹ́jú. Tó bá ti kúrò, orí ló kù. Apá òsì nìkan, bíi kí ẹnì kan máa fi ọmọ odó gún mi lẹ́yìn ojú.

Tó bá ti dé báyìí, ìmọ́lẹ̀ ọ̀tá, ariwo ọ̀tá. Ìró ṣíbí lára àwo ní yàrá kejì, mo máa ń gbọ́ ọ bíi pé inú etí mi ni wọ́n ti ń jẹun. Ẹni tó bá ń din àlùbọ́sà ní kọ́rídọ̀ ti bá mi jà láìmọ̀. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá á ta ìró sójú wíńdò, á rẹ táwẹ́ẹ̀lì sínú omi, á gbé e lé mi lórí, á wá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi torí èébì. Kì í bi mí ní nǹkan kan. Ìtọ́jú tó ṣe mí ju ti gbogbo ẹni tó kọ́kọ́ wọ kóòtù funfun sí mi lọ.

Torí kí ni àwọn yẹn ṣe? Kí n tó jókòó tán ní kílíníìkì ilé-ìwé, ibà ni. Ara mi ò gbóná, òtútù ò mú mi, ẹ̀gbẹ́ orí kan ṣoṣo ló ń dùn mí, ibà ni. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni mo lo oògùn ibà láàárín sáà ẹ̀kọ́ kan. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n fi taifọ́ọ̀dù kún un, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún, mi ò lè fi ìdí jókòó. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan báyìí tí wọ́n ń pè ní Widal ni wọ́n fi dá mi lẹ́jọ́, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò yẹn, tí wọ́n bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ṣeé gbára lé: ẹni tó ti ṣe taifọ́ọ̀dù rí tó sì ti san, ó ṣì lè máa gbé e jáde. Kò sẹ́ni tó bi mí pé, "Kó tó bẹ̀rẹ̀, kí lo máa ń rí?" Ìbéèrè ọ̀fẹ́ ni o.

Àwọn onígíláàsì náà gba tiwọn. Wọ́n ní ojú ni, mo ra awò, orí ń fọ́ mi pẹ̀lú awò lójú. Àwọn aládùúrà ní kí n wá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn, ebi sì wà lára ohun tó máa ń dá a sílẹ̀ fún mi, ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé mi kúrò níbẹ̀. Mi ò sọ pé kí o má gbàdúrà. Gbà á, àmọ́ jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìdánwò, torí ibẹ̀ ni egbò mi wà. Sáà kejì, ọ̀sẹ̀ kejì ìdánwò. Mo ti kàwé mọ́jú fún òru mẹ́ta léra, TDB tí gbogbo wa ń fi yangàn. Mo ṣe ìbéèrè kìíní tán, mo wọ ìkejì, trial balance. Mo kọ 6, mo wò ó, mi ò mọ̀ bóyá 6 ni àbí 8. Mo gbójú sókè, mo rí iná yẹn. Mo sọ fún ara mi pé ogún ìṣẹ́jú ṣì wà fún mi, kí n kọ èyí tí mo bá lè kọ. Mò ń kọ ọ́ láìrí ààbọ̀ ìwé. Ìgbà tí orí dé tán, àpò ọ̀rá tí mo kó bírò àti kakulétọ̀ sí ni mo bì sí. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò mí. Ẹni tó ń ṣọ́ wa wá dúró lórí mi, ó ní, "Orí ń fọ́ èmi náà. Ṣé wàá kọ ọ́ àbí wàá jáde?" Mo fọwọ́ síwèé, mo jáde.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe rèé, kò sí nínú ìwé òfin kankan tí wọ́n fún wa: mo lọ sùn. Họ́sítẹ́ẹ̀lì ni mo gbà lọ, mi ò yà ní kílíníìkì. Ọjọ́ kẹta tí mo lè dìde, mo lọ bá exam officer, ó ní kí n mú ìwé wá. Mo lọ sí kílíníìkì, wọ́n ní àwọn ò rí mi lọ́jọ́ náà, àwọn ò lè kọ ìwé fún ọjọ́ tí àwọn ò rí mi. Mo padà lọ bá exam officer, ó ní "láìsí ìwé, o ò wá sí ìdánwò nìyẹn." Èmi tí mo bì sójú gbogbo ayé! Kọ́ọ̀sì mẹ́rin lọ lọ́sẹ̀ yẹn. Méjì nínú wọn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kọ́ ọ, wọ́n sì so mọ́ kọ́ọ̀sì 300 level, bí extra year ṣe wọlé nìyẹn.

Nítorí náà, ọjọ́ tó bá ti gbé ẹ dè, bí wọ́n bá ń fà ẹ́ tuurutu, kọ́kọ́ dé kílíníìkì. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n tún pè é ní ibà. Kì í ṣe oògùn wọn lò ń wá, déètì tí wọ́n máa kọ sára káàdì ẹ ni. Ya fọ́tò ojú ìwé náà. Lẹ́tà tó o bá kọ sí HOD, olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹ, ṣe é ní méjì, kí akọ̀wé lu òǹtẹ̀ lé èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ. Wọ́n máa sọ pé kò pọn dandan. Ó pọn dandan.

Ó dáa, ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí. ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022, ó di oṣù kẹwàá kí wọ́n tó padà. Mo lọ sílé ní Ìkìrun. Inú mi dùn díẹ̀, mi ò ní purọ́. Mo ní mo ti rí ìsinmi tí gbogbo èèyàn ń pariwo, orí á lọ. Àbúrò, ojoojúmọ́ ló ń fọ́! Kò sí ìwé, kò sí ìdánwò, kò sí TDB, orí ń fọ́ mi láti ìdájí. Ìdí tí mo fi ń sọ fún ẹ nìyí kí o má rò pé ilé nìkan ni oògùn ẹ̀.

Àgùnbánirọ̀ kan tó jẹ́ apoògùn ló là mí lójú, ọmọdébìnrin tí kò ju mí lọ. Mo lọ ra èyí tí mo máa ń rà, ó ní, "Anti, ẹ ra á lánàá. Ẹ̀ẹ̀mélòó lóṣù yìí?" Mo bínú. Mo délé, mo tú ọ̀rá tí mò ń kó sáṣẹ́ẹ̀tì òfìfo sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo kà á. Nínú ọgbọ̀n ọjọ́, ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi lo oògùn ẹ̀fọ́rí.

Oògùn ẹ̀fọ́rí máa ń dá ẹ̀fọ́rí sílẹ̀. Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tí orí ti máa ń fọ́ tẹ́lẹ̀, tó bá ń lo parasitamọ́ọ̀ lásán ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, tàbí àwọn oògùn ẹ̀fọ́rí tí wọ́n da caffeine, èròjà inú kọfí, pọ̀ mọ́, tàbí tramadol àti àwọn ìbátan ẹ̀, ní ọjọ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì lé ní oṣù mẹ́ta, oògùn náà lè sọ ọ́ di ojoojúmọ́. Ìyẹ̀fun tí àwọn ìyá wa ń dà sẹ́nu pẹ̀lú omi tútù, aspirin àti caffeine ló wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tramadol tiẹ̀ burú jù, ẹni tó bá fún ẹ ní ọ̀kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì pé kí o fi kàwé, sá fún un.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ti wà lórí ìlà káàdì, ó di ọ̀sán kí n tó wọlé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni dókítà fi rí mi. Àmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, òun ló kọ́kọ́ béèrè nípa iná ojú. Ó ní túúlu ni, èyí tí òyìnbó ń pè ní migraine, àti pé oògùn tí mò ń lò ló gùn ún lẹ́ṣin. Ó ní kí n dá gbogbo ẹ̀ dúró. Ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́, mo rò pé mo máa kú. Ó le ju ti gbọ̀ngàn ìdánwò lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, òwúrọ̀ kan wà tí mo jí tí nǹkan kan ò ṣe orí mi, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rù ń bà mí láti mi orí. (Bó bá jẹ́ tramadol tàbí oògùn oorun lò ń lò, má dá a dúró lójijì láìsí dókítà o, ìyẹn yàtọ̀.)

Oògùn kan wà tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ kó má bàa wá, kì í ṣe ìgbà tó bá dé. Propranolol ni wọ́n fẹ́ fún mi, mo ní mo ní ikọ́ fée nígbà ọmọdé, wọ́n sì fi amitriptyline kékeré rọ́pò ẹ̀, alaalẹ́. Ṣé o rí i pé ó yẹ kí o sọ gbogbo àìsàn ẹ? Ẹnu mi gbẹ, oorun ń kùn mí ní kíláàsì aago mẹ́jọ, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n tó rí ìyàtọ̀. Ó wálẹ̀ sí bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lóṣù. Kò lọ tán. Ìwọ̀nba yẹn ni mo fi jáde ilé-ìwé.

Ìyókù, o ti mọ̀ ọ́n: sùn lásìkò kan náà, Sátidé pẹ̀lú; jẹun kó tó di aago mẹ́jọ; mu omi. Ní ìwé kékeré kan tí wàá máa kọ ọjọ́, aago, ohun tó o jẹ, nǹkan oṣù ẹ àti oògùn tó o lò sí.

Kí n má gbàgbé, bó bá jẹ́ pé inú họ́sítẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ lò ń gbé, tí orí sì ń fọ́ ẹ̀yin púpọ̀ pọ̀ lálẹ́, túúlu kọ́ nìyẹn, èéfín ni, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹ gbé e jáde. Bí orí bá sì dé lójijì bí ààrá, tí irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí ẹ rí, tàbí tó bá ibà àti ọrùn líle wá, tàbí tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kọ̀ láti gbé, tàbí tí gìrì mú ẹ, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, má dúró ka ohun tí èmi kọ. Tó o bá sì máa ń rí iná bíi tèmi, sọ ọ́ kí o tó lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, torí àwọn kan nínú ẹ̀ máa ń fi kún ewu rọpárọsẹ̀ fún irú wa. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn kàn ẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún èmi.

Ìbéèrè ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Má tíì gba ọdún kan. Kọ́kọ́ ka oògùn ẹ, kọ́kọ́ rí dókítà tó mọ̀ nípa orí. Nǹkan kan tún wà láàárín kíkàwé àti fífi í sílẹ̀ tí àwọn level adviser kì í sọ: dín kọ́ọ̀sì kù. Níbi tèmi, yúnítì 15 ló kéré jù ní sáà kan, 24 ló pọ̀ jù, 23 ni mo sì ń forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tára ẹ̀ le. Béèrè iye tiyín kí wọ́n tó ti àkókò add and drop, ìgbà tí o ṣì lè fi kọ́ọ̀sì kún un tàbí kí o yọ ọ́ kúrò. Béèrè náà nípa 75% wíwá sí kíláàsì, káàdì kílíníìkì yẹn lo máa fi bá wọn sọ ọ́.

Bó bá wá di dandan kí o sinmi, gba ìyọ̀ǹda lórí ìwé, kó wà lọ́wọ́ ẹ, kí o tó gbé báàgì. Ẹnì kan tá a jọ wọlé kàn lọ sílé ni. Ìgbà tó padà, orúkọ ẹ̀ ò sí lórí kọ̀ǹpútà mọ́, wọ́n ní ó ti fúnra ẹ̀ kúrò. Bá mi sọ fún màmá ẹ pé mi ò bá wọn jiyàn, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

Wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ lónìí, kí o fi iye tó o bá rí ránṣẹ́ sí mi. Kí o sì sọ fún mi bóyá ojú ẹ máa ń rí nǹkan kó tó bẹ̀rẹ̀. O ò kọ ìyẹn sínú ìbéèrè ẹ.