Kí ni òwe "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà" ń sọ nípa X11 àti Wayland?

Ẹni tó béèrè ìtumọ̀ òwe "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà" ní àlàyé tí òun gbọ́ ní Kàbà ni pé ìdọ̀tí ni àkísà, àti pé òwe náà ń gbà wá níyànjú láti da X11, ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́, nù nítorí pé Wayland, tó jẹ́ tuntun, ti dé. Àlàyé yìí bí mi nínú púpọ̀. Ìyìn àgbà ni òwe náà, nítorí àkísà kì í déédéé wà: aṣọ tí a ti wọ̀ lọ sóko, tí òjò ti pa, tí a ti wọ̀ sìnkú ló ń di àkísà.

X ni ètò tí ń gbé fèrèsé àti àwòrán sójú kọ̀ǹpútà tí Linux, ètò adarí bíi Windows, ń darí. Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1984, ẹ̀dà kọkànlá tí a ń pè ní X11 sì jáde ní 1987. Wayland, ètò tuntun fún irú iṣẹ́ kan náà, tí Kristian Høgsberg bẹ̀rẹ̀ ní 2008, kò jẹ́ kí ètò kan máa yọ́ ka ohun tí a ń tẹ̀ sínú ètò mìíràn, èyí tí X11 fàyè gbà. Mo gba ìyẹn fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ wo kíbọ́ọ̀dù wa. Ìtò bọ́tìnnì ti Nàìjíríà, pẹ̀lú ẹ̀yà Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò, wà nínú xkeyboard-config, àkójọ tí wọ́n kó jọ fún X. Wayland kò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ṣe òmíràn. Àkójọ yẹn gan-an ni libxkbcommon, ètò kékeré tó wà fún kíbọ́ọ̀dù, ń kà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ahunṣọ Bùnú, ní ilẹ̀ Yorùbá Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogi, ṣe máa ń tú òwú pupa láti ara búláńkẹ́ẹ̀tì òyìnbó kí wọ́n tó fi hun aṣọ ipò tí a fi ń yẹ́ òkú ìjòyè sí. Ahunṣọ ni ìyá ìyá mi, kò sì sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti da ògbólógbòó aṣọ nù lójú wọn kí wọ́n tó yẹ òwú ara rẹ̀ wò. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Òkun òde òní kò mọ ipò mọ́ àyàfi nínú fọ́tò, débi tí wọn yóò fi mọ ibi tí òwú rẹ̀ ti wá.

Àwọn tó ń kánjú sin X11 gbàgbé pé XWayland, tó ń jẹ́ kí àwọn ètò àtijọ́ ṣiṣẹ́ lórí Wayland, ara kóòdù X ni wọ́n ti yọ ọ́. Bí kò bá sẹ́ni tó mọ kóòdù yẹn tún ṣe mọ́, tuntun náà yóò fara gbá a. Ní 2025, GNOME 49, ẹ̀dà ọ̀kan lára àwọn ojú iṣẹ́ tí à ń lò lórí Linux, pa ìwọlé X11 tì, bí kò tilẹ̀ tíì yọ kóòdù rẹ̀ dànù nígbà náà. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn kan ya kóòdù X sọ́tọ̀, wọ́n sọ ọ́ ní XLibre, kí iṣẹ́ lè máa tẹ̀síwájú níbẹ̀.

Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà yín bá ti pẹ́, tí ẹ sì ń lo ojú iṣẹ́ bíi MATE tàbí Xfce lórí X11, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́. Ẹ fi ètò tó ń lo Wayland sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa yan èyí tó bá iṣẹ́ yín mu nígbà tí ẹ bá ń wọlé, kí ẹ sì kọ àbùkù tí ẹ bá rí lára èyíkéyìí ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tún kóòdù rẹ̀ ṣe.