Ṣé Watson nìkan ló gbára lé Holmes?

Rárá o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ ní Kàbbà tẹ́ ẹ béèrè. Nínú àwọn ìtàn Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé Arthur Conan Doyle, Dókítà Watson ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń sọ ọ̀pọ̀ jù lọ, ìyìn Holmes kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí Holmes tí Watson rò pé ó ti kú yọ sí i lẹ́yìn ọdún 3, ṣe ni Watson dákú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìtàn Holmes kan, “The Three Garridebs” (1924): ọta ìbọn ha Watson ní itan, Holmes, ọkùnrin tí ojú rẹ̀ máa ń le koko yìí, fi ọ̀bẹ àpò ya ṣòkòtò Watson wo ọgbẹ́ náà, ètè Holmes fúnra rẹ̀ ń gbọ̀n. Ibẹ̀ ni Watson ti mọ bí òun ṣe tó lójú rẹ̀. Ẹ fi ìran méjèèjì yìí gbe ìdáhùn yín. Ẹni tó bá pè wọ́n ní ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́ lásán kò kà á dójú àmì.