Kí ni ìdí tí àwọn Kristẹni fi ń kun ẹyin ní Ọdún Àjíǹde?

Àwọn kan ń béèrè bóyá lóòótọ́ ni pé òrìṣà obìnrin kan tí ń jẹ́ Eostre ni ó ni àṣà kíkun ẹyin ní Ọdún Àjíǹde. Ẹ̀rí tí ó wà fún èyí kò tó nǹkan. Bede, àlùfáà onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dárúkọ Eostre ní nǹkan bí ọdún 725, ó sì sọ pé orúkọ rẹ̀ ni àwọn ará ìṣáájú fi pe oṣù kan, tí wọ́n sì ń ṣọdún fún un nínú oṣù náà, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu kan ẹyin rárá.

Ní tèmi, inú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ni ó yẹ kí a ti wá ìdí ọ̀rọ̀. Láyé àtijọ́, Ìjọ kì í gbà kí ọmọ ìjọ fi ẹnu kan ẹran, wàrà tàbí ẹyin títí ààwẹ̀ yóò fi parí. Adìyẹ ní tirẹ̀ kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń gbààwẹ̀, ṣe ni ó ń yé lọ. Nígbà tí Àjíǹde bá fi máa dé, ẹyin á ti kún ilé, wọn á sè é, wọn á kùn ún, wọn á sì fi ta ara wọn lọ́rẹ. Àkọsílẹ̀ ìnáwó ààfin Ọba Edward Kìíní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1290 fi hàn pé pẹ́ńsì 18 ni wọ́n ná sórí ẹyin 450, tí wọ́n kùn tàbí tí wọ́n fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò fún ẹ̀bùn ọdún.

Ní ilẹ̀ Gíríìsì, pupa ni àwọ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù. Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ ni wọ́n ń kun ẹyin náà, àwọn mìíràn sì ń lo èèpo àlùbọ́sà láti fi sè é. Wọ́n ní pupa náà dúró fún ẹ̀jẹ̀ Kristi, pé èèpo líle rẹ̀ sì ni ibojì. Nítorí náà, lẹ́yìn ìsìn òru Àjíǹde, kálukú á fi ẹyin tirẹ̀ kan ti ẹnìkejì, ẹni tí tirẹ̀ kò bá fọ́ ni oríire ọdún náà wà fún.

Ní Ukraine ni iṣẹ́ ọnà náà ti jinlẹ̀ jù lójú mi. Ẹyin tútù ni wọ́n fi ń ṣe pysanka, ìyẹn ẹyin aláwòrán ilẹ̀ náà. Wọ́n á fi ìda oyin gbígbóná ya àwòrán sí i lára, wọ́n á rì í sínú aró, bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ jù títí dé èyí tí ó dúdú jù, ìda á sì máa pọ̀ sí i láàárín aró kan sí èkejì. Ẹni tí ó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ kò ní ṣàì lóye rẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí ẹ̀kọ ń ṣe lára aṣọ ni ìda ń ṣe lára ẹyin: ibi tí ó bá wà, aró kò ní wọ ibẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n á gbé ẹyin náà sún mọ́ iná àbẹ́là, kí ìda yọ́, kí wọ́n sì nù ún kúrò. Wọn kì í jẹ pysanka. Èyí tí a sè, tí a sì rì sínú àwọ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní krashanka, ni wọ́n ń jẹ. Lọ́dún 2024 ni UNESCO fi àṣà pysanka kún àwọn ogún ìran ènìyàn.

Bí àṣà ìgbà ìbọ̀rìṣà bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ara àwọn àwòrán oòrùn àti igi tí wọ́n ń yà sórí pysanka ni ó ti yẹ kí a wá a, kì í ṣe ọ̀dọ̀ Eostre.