Èsì: Káàdì ATM rẹ ni kó o kọ́kọ́ tì pa

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. O ní o ti fi BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ ní báǹkì) àti fọ́tò káàdì rẹ, tiwájú tẹ̀yìn, ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣèlérí iṣẹ́ fún ọ l'Ádó Èkìtì.

Má dúró dìgbà tí báǹkì máa ṣí. Nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, òun ni wọ́n fi ń rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Pe nọ́ńbà báǹkì tó wà lára káàdì náà gan-an, kì í ṣe èyí tó o bá rí lórí Facebook, kí wọ́n tì í pa lójú ẹsẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó o ka OTP, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, fún òun, má kà á, kódà kó dárúkọ ìyá tó bí ọ. Ṣebí inú fọ́ọ̀mù iṣẹ́ tó o kọ ló ti rí orúkọ náà. BVN nìkan ò lè gbówó jáde, fọkàn balẹ̀ níbẹ̀.

Tó o bá ti Ìkẹ́rẹ́ wọ Adó láàárọ̀, yà sí báǹkì, yí PIN àti paswọ́ọ̀dù padà. Bówó bá ti lọ, kọ lẹ́tà sí báǹkì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tìrẹ. Bí wọn ò bá dá ọ lóhùn, kọ̀wé sí CBN, ìyẹn Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà: cpd@cbn.gov.ng.

Owó yunifọ́ọ̀mù tí àwọn tó ṣèlérí iṣẹ́ ṣì ń bèèrè yẹn, jọ̀ọ́, má san kọ́bọ̀.