Kámẹ́rà ìpàdé tòkunbọ̀: èwo ni kí n lò, èwo ni kí n gbé sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra páálí ẹrù ọ́fíìsì tòkunbọ̀ kan ní Ìkẹjà. Logitech BCC950 wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ṣájà. Polycom Group 300 náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà ńlá rẹ̀. Ìpàdé ẹbí ni mo fẹ́ máa fi ṣe ní pálọ̀ wa n'Íbàdàn, torí àwọn ọmọ wà ní Houston àti London, Zoom ni wọ́n sì ń lò. Mo ní láptọ́ọ̀pù Windows, tẹlifíṣọ̀n ínṣì 43 àti ráútà onísíìmù. Polycom yìí tàn, ṣùgbọ́n mi ò rí Zoom lórí rẹ̀ rárá. N kò ṣe irú èyí rí. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kéré. Logitech yẹn ló máa ṣe iṣẹ́ tí ẹ fẹ́. Polycom tó rí gàgàrà bí ọ̀gá yẹn kò ní wọ Zoom lọ́fẹ̀ẹ́. Irú ẹ̀rọ méjì tí iṣẹ́ wọn kò jọra ni wọ́n dì pọ̀ fún yín.

Logitech kì í dá ṣe ìpàdé. Ojú, etí àti ẹnu ló jẹ́ fún kọ̀ǹpútà: kámẹ́rà, máìkì àti sípíkà lára kan náà, gbogbo rẹ̀ sì ń gba okùn USB kan kọjá. Láptọ́ọ̀pù ló ń ṣe ìyókù, nítorí náà Zoom àti Google Meet ni yóò dá a mọ̀. Group 300 ní tirẹ̀ jẹ́ kọ̀ǹpútà ìpàdé fúnra rẹ̀. Ọ̀nà ìpè àtijọ́ tó ń jẹ́ H.323 àti SIP ló ń lò, Zoom kì í sì gba irú ìpè bẹ́ẹ̀ àfi tí ẹni tó pe ìpàdé bá san owó àfikún fún Conference Room Connector, iṣẹ́ Zoom tó ń so irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́ ìpàdé. Ẹ má sì gbìyànjú láti yọ kámẹ́rà ńlá yẹn kí ẹ fi so mọ́ láptọ́ọ̀pù. Ẹnu okùn HDCI ló ní, kì í ṣe HDMI, kì í sì í ṣe USB.

Ṣájà ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú, torí ibẹ̀ ni ẹrù tòkunbọ̀ ti máa ń kú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ dojú Logitech dé, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀ tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò iná: iye fólítì, iye áńpù, àti àwòrán kékeré tó ń fi hàn bóyá + ló wà láàárín ẹnu ṣájà tàbí −. Fólítì gbọ́dọ̀ bá a mu gẹ́lẹ́. Áńpù ṣájà lè ju ohun tí ẹ̀rọ béèrè lọ, kò gbọdọ̀ dín sí i. Bí + àti − bá ṣe òdìkejì ara wọn, ẹ̀rọ lè jóná kí ẹ tó ṣẹ́jú. Pé ẹnu ṣájà wọlé kò sọ pé òun ni. Ṣájà ráútà àti ti dekódà máa ń ní ẹnu kan náà, fólítì wọn sì lè yàtọ̀.

Ẹ tún wo ara ṣájà tí ẹ bá rà. INPUT 100–240V, 50/60Hz ni kí ẹ máa wá. Tó bá jẹ́ 120V, 60Hz nìkan ló wà níbẹ̀, iná Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, 230V tiwa yóò sun ún. Àwọn orí pọ́ọ̀gì kékeré tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà kàn ń yí ẹsẹ̀ pọ́ọ̀gì padà ni, wọn kì í dín iná kù.

Nígbà tí iná bá ti dá yín lójú, ẹ ki okùn USB bọ inú láptọ́ọ̀pù tààrà, kì í ṣe inú háàbù (àpótí kékeré tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) tí kò ní iná tirẹ̀. Tí háàbù bẹ́ẹ̀ kò bá lè gbé e, àwòrán á máa wá, á máa lọ láàárín ìpàdé, ẹ ó sì rò pé kámẹ́rà ló bàjẹ́. Okùn USB lásán kò gbọdọ̀ ju mítà 5 lọ. Tí pálọ̀ bá gùn, láptọ́ọ̀pù ni kí ẹ gbé súnmọ́ kámẹ́rà. Kò sí ètò kankan tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sórí Windows kó tó ṣiṣẹ́, ẹ kàn fún un ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí Camera ti Windows. Bó bá jẹ́ ojú inú láptọ́ọ̀pù ló yọ, ẹ tẹ àmì tó ń pààrọ̀ kámẹ́rà. Bó bá dúdú, ẹ lọ sí Settings, ibi Privacy, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ti dí kámẹ́rà.

Ẹ wá wọ Settings ti Zoom. Ní Video, ẹ yan BCC950. Ní Audio, ẹ yan BCC950 fún Microphone, kí ẹ sì tún yan òun kan náà fún Speaker. Níbí ni ọ̀rọ̀ wà. Tí ẹ bá fi okùn HDMI so láptọ́ọ̀pù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, Windows sábà máa ń gbé ohùn lọ sórí tẹlifíṣọ̀n láìbéèrè. Kíá ni àwọn ará Houston yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn ara wọn padà. Ohun tó fà á ni pé Logitech lè yọ ohun tí sípíkà tirẹ̀ ń sọ kúrò nínú ohun tí máìkì rẹ̀ ń gbọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń sọ. Tẹlifíṣọ̀n sì tún máa ń fi ohùn falẹ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n máa fi àwòrán hàn, kí ẹ pa ohùn rẹ̀ pátápátá. Tí wọ́n bá ṣì ń gbọ́ ohùn ara wọn padà, ẹ wo yàrá náà dáadáa: ẹnìkan nínú ẹbí ti fi fóònù wọ ìpàdé kan náà láti orí àga. Kó jáde, tàbí kó pa máìkì àti ohùn fóònù rẹ̀. Ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò ní zoom.us/test kí ọjọ́ ìpàdé tó pé.

Ẹ gbé kámẹ́rà síbi tó bá ojú ẹni tó jókòó dọ́gba, lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kí fèrèsé má wà lẹ́yìn yín. Bí iná gílóòbù bá ń ṣẹ́jú nínú àwòrán, ẹ wá ibi tí 50Hz àti 60Hz wà nínú ètò kámẹ́rà ti Logitech tí ẹ bá fi sórí láptọ́ọ̀pù, ẹ mú 50Hz. Ilé tí wọ́n ti ń lo 60Hz, irú bí Amẹ́ríkà, ló ṣeé ṣe kó ti bọ̀. Fáànù tó dojú kọ máìkì ń ba ohùn jẹ́ ju jẹnẹrétọ̀ tó wà níta lọ. Ẹ yí i síbòmíràn.

Ní ti dátà, Zoom ní ìpàdé elérò tó ń fi 720p (àwòrán HD) hàn ń fẹ́ 2.6Mbps lọ àti 1.8Mbps bọ̀. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ó tó gígábáìtì 2 ní wákàtí kan. Ẹ pa HD nínú Settings, Video, yóò já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 720MB. Ìyàtọ̀ ojú kò pọ̀ tó kó fi gba owó yín.

Polycom wá ńkọ́? Bí ẹbí ní London bá ní irú rẹ̀, ẹ lè máa fi pe ara yín tààrà. Ṣùgbọ́n ráútà onísíìmù yín lè dí ìpè tó ń bọ̀ wọlé, nítorí ilé-iṣẹ́ fóònù máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan. Ẹ wo WAN IP (àdírẹ́sì tí ilé-iṣẹ́ fóònù fún ráútà) nínú ráútà. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 tí àmì ìdúró (.) tẹ̀ lé e, tàbí tó wà láàárín 100.64 àti 100.127, ẹ̀yin nìkan lẹ lè pe jáde, bí àdírẹ́sì tiwọn bá ṣí sí ìta. Kí ẹ tó so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì rárá, ẹ pa Auto Answer. Ní 2012, ọ̀gbẹ́ni HD Moore ti Rapid7, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti ìta láti wọ yàrá ìpàdé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá, kìkì nítorí pé ẹ̀rọ wọn ń dá ìpè lóhùn fúnra rẹ̀.

Bó bá jẹ́ títà ni, ẹ nu ti ẹni àtijọ́ kúrò lórí rẹ̀ ná, torí orúkọ àti nọ́ńbà ọ́fíìsì lè ṣì wà níbẹ̀. Ẹ pa á, ẹ fi irin ìdìwé tẹ ihò restore mọ́lẹ̀, ẹ tan án, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10. Tó bá béèrè pásíwọ́ọ̀dù admin lẹ́yìn náà, ẹ dán nọ́ńbà ẹ̀rọ (serial number) oníye 14 wò. Kí ẹ má ya kámẹ́rà, okùn HDCI, máìkì àti rìmóòtù rẹ̀ sọ́tọ̀. Okùn yẹn gan-an ni ẹni tó ní àpótí lásán ń wá kiri.